Iyè Àgbà: Oúnjẹ Ọpọlọ àti Àwọn Ọ̀nà Inú Rẹ̀





Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ lónìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí inú orí ni àká Ifá wà. Odù 256 àti ẹsẹ wọn, iyè àgbà ni a fi ń gbé wọn dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Bí àgbà awo bá wá ń dúró kí ó tó rántí ẹsẹ, ṣé ogbó lásán ni, àbí àìsàn? Àìmọ ìyàtọ̀ yìí ti tú ilé ká rí.

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn sọ pé ọpọlọ kò ju bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara lọ, síbẹ̀ òun nìkan ń jẹ tó ìdá 20 nínú agbára tí ara ń lò bí a bá jókòó jẹ́ẹ́. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ni oúnjẹ rẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní ìpamọ́. Ẹ̀rọ ayàwòrán tí à ń pè ní PET fi hàn pé bí ọjọ́ orí ti ń ga, ṣúgà tí ọpọlọ ń lò a máa dín kù díẹ̀díẹ̀, pàápàá níwájú orí, níbi tí a ti ń gbèrò.

Oúnjẹ nìkan kọ́. Àdúgbò àdúgbò ni ọpọlọ, okùn tín-ín-rín sì ni ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀. Ní ìgbà èwe, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ń gbájú mọ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Bí a ti ń dàgbà, ọ̀nà ń gbó, iṣẹ́ tí a rán ń pẹ́ dé, ààlà àdúgbò sì ń pòórá. Síbẹ̀, ọpọlọ àgbà mìíràn a máa pe apá ọ̀tún àti apá òsì pọ̀ sí iṣẹ́ tí apá kan ń dá ṣe fún ọ̀dọ́, bí ẹni tó ń sun ìyẹ̀rẹ̀ tí àwọn ẹlẹ́gbè ń gbè é. Ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ àti òye ìtumọ̀ a sì máa pẹ́ lọ́wọ́ àgbà tí ara rẹ̀ le.

Nítorí náà, ẹni tó pẹ́ kí ó tó rántí, tó sì rántí níkẹyìn, ogbó ni. Ẹni tó ṣìnà ilé ara rẹ̀, tí kò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́, àìsàn ni. A ó dá Ifá fún un, a ó sì mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà. Kí a má ṣe fi ẹnu awo sọ ìyá arúgbó di àjẹ́ nítorí pé ó ń ṣarán.

Ní 2001, àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana kéde pé láàrin àwọn tó ti pé ọdún 65, àrùn ìgbàgbé ń mú bí 1.35 nínú 100 lọ́dọọdún láàrin àwọn Yorùbá ní Ìbàdàn, ó sì ń mú 3.24 láàrin àwọn Aláwọ̀dúdú ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Àrùn náà ń mú wa, ṣùgbọ́n ó jọ pé ìgbé ayé ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ń ba àwọn iṣan tó ń gbé oúnjẹ lọ sí ọpọlọ jẹ́. Kí ìlédì kọ̀ọ̀kan ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí àgbà máa rìn, kí ó máa sùn dáadáa, kí a má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Àwọn baba wa kì í fún ọmọ awo ní ìsọyè kí wọ́n ní kí ó lọ sùn. Àkọsórí ni wọ́n fi ń tẹ̀lé e. Kí ọmọ awo jókòó ti àgbà báyìí, kí ó gba ẹsẹ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ọ̀nà ṣì là.

Kí Ifá má jẹ́ kí iyè wa ra. Àbọrú, àbọyè.