Ẹ̀jẹ̀ Wa Nínú Ìgò: Ta Ló Ni Ìwé Ẹrù?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí

Láti ojú fèrèsé gbọ̀ngàn yìí, a ń wo àwọn ẹ̀rọ agbẹ́rù Èbúté Lẹ́kí tí wọ́n na ọrùn sókè bí lékeléke. Oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n ṣí i. Omi rẹ̀ jìn tó mítà 16.5, ọkọ̀ tí Apapa ò lè gbà, ibẹ̀ gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹun níbẹ̀ sì mọ̀ pé ẹrù tí kò bá ní ìwé, kò lólúwa. Ẹrù kan wà tí ẹ ò lè rí nínú kọ̀nténà, òun ni mo bá wá lónìí.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn àfẹ́sọ́nà méjì wá bá mi ní láàbù mi láti Ajah. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní kí wọ́n mú èsì jẹ́nótáìpù wá kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìwé ọkùnrin sọ pé AS. Obìnrin mú ìwé méjì lọ́wọ́ láti láàbù méjì: ọ̀kan ní AA, èkejì ní AS. Ọkùnrin ní, "Prof, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ká gbàgbọ́?"

Mo gba ẹ̀jẹ̀ tuntun lára obìnrin náà. A fọ̀ ọ́, a fọ́ ọ, a kán díẹ̀ sí etí ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ti rẹ sínú omi kẹ́míkà, a wá tan iná sí i. Iná yẹn á máa fa àwọ̀ pupa náà lọ lórí ìwé. Èyí tó jẹ́ A yá lẹ́sẹ̀, ó máa ń ṣíwájú. Èyí tó jẹ́ S á máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Ilà kan níwájú, AA nìyẹn. Ilà kan lẹ́yìn, SS. Ilà méjì, AS. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ to ẹ̀jẹ̀ tí a ti mọ irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a lè fi wọn wéra. Ibẹ̀ ni àwọn láàbù kan ti ń já a kù. Wọn ò to nǹkan kan síbẹ̀. NEPA á mú iná lọ láàárín iṣẹ́, wọn ò ní tún un ṣe, wọ́n á kàn wo ibi tí ilà dé, wọ́n á kọ èsì. Bí SS bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ sára, ilà méjì lè yọ, kí a máa ka ẹ̀jẹ̀ àlejò bí ẹni ń ka ti onílé.

Ti obìnrin yìí, ilà méjì ló yọ, kedere. Ó tẹjú mọ́ ọn, kò sunkún. Ó wá bi mí ní ohun tí aláìsàn kankan ò bi mí rí láti ogún ọdún: "Prof, èyí tó ṣẹ́kù nínú ìgò yẹn ńkọ́? Níbo ló ń lọ?"

Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó wà nínú ìgò náà. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnìkan ló ní S kan lára. Nǹkan bí 150,000 ọmọ tó ní fòníkúfọ̀ladìde, àìsàn àwọn SS, là ń bí lọ́dọọdún. Èpè kọ́ o. Ní 1954, olùwádìí kan, Anthony Allison, fi hàn pé ibà kì í rí AS pa bó ṣe ń pa AA. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí àyíká ọ̀sà yìí kò ní béèrè irú ẹ̀fọn tó ń gbé ibà náà kiri. Ohun tó gba baba là ló ń pa ọmọ lára. Ọmọ tó bá jẹ́ SS kì í sábà ṣàìsàn ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó gbé wá láti inú oyún ṣì ń gbèjà rẹ̀. Ìgbà tí ìyẹn bá tán ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí igbe á sọ lóru. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a ti kọ nílà rí, tí a pè ní àbíkú.

Ní ti AS tó fẹ́ AS, àwọn èèyàn ti gbọ́ "ọ̀kan nínú mẹ́rin", wọ́n rò pé bí a bá bí ẹyọ kan tó jẹ́ SS, mẹ́ta tó kù ti bọ́. Irọ́ ni. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń ta ayò tirẹ̀. Ikùn kì í ka ọmọ. Mi ò bá ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí jà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìwé láàbù tú ìfẹ́ èèyàn méjì ká, kí ó kọ́kọ́ rí i pé ìwé náà pé. Lónìí, a lè yẹ oyún wò láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. A sì lè yan ọlẹ̀ tí kò ní SS kí a tó gbé e sínú ilé ọmọ, bí owó bá wà. Owó ni ọ̀rọ̀ tó ń bà mí nínú jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ya Ìbàdàn, ká wo ibi tí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti lọ rí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ àgbáyé ń ṣe iṣẹ́ lórí àbùdá èèyàn, tí wọ́n pè ní HapMap, tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005, èèyàn 90 ní Ìbàdàn fún wọn lẹ́jẹ̀: ìdílé 30, bàbá, ìyá, ọmọ. Wọn ò jí i, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ mọ́ wọn. Àwọn olùwádìí bíi Charles Rotimi, Clement Adebamowo àtàwọn mìíràn kọ́kọ́ bá àwọn ará àdúgbò jíròrò. Kò sí orúkọ ẹnìkan lórí ìgò, àmọ́ orúkọ Yorùbá wà níbẹ̀: YRI. Ilé ìpamọ́ Coriell ní Camden, New Jersey, ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú jáde nínú ẹ̀jẹ̀ náà wà. Wọn kì í kú. Wọ́n ń bọ́ wọn, wọ́n ń pọ̀ sí i, àwọn olùwádìí káàkiri ayé ń sanwó gbà lára wọn.

Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ wúlò. Ní 2010, wọ́n rí àmì méjì lórí àbùdá kan tó ń jẹ́ APOL1, tó pọ̀ láàárín àwa Yorùbá, tó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2024, tí èèyàn tó lé ní 8,000 ní Nàìjíríà àti Gánà kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé nǹkan bí 30 nínú 100 ló gbé àmì náà ní méjì-méjì. Ilé iṣẹ́ Vertex ní Amẹ́ríkà ti ń dán oògùn kan wò fún un.

Ẹ fi orúkọ Vertex sọ́kàn. Àwọn náà, pẹ̀lú CRISPR Therapeutics, ló ṣe Casgevy, ìtọ́jú fún SS, tí Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá 2023, tí Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e ní oṣù kejìlá. Wọ́n á yọ sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, wọ́n á fi CRISPR, ohun tí a fi ń gé àbùdá, gé ibi tó ń pàṣẹ kí ẹ̀jẹ̀ oyún dákẹ́, wọ́n á fi oògùn líle fọ mùdùnmúdùn egungun rẹ̀ mọ́, kí wọ́n tó dá sẹ́ẹ̀lì náà padà. Ẹ̀jẹ̀ oyún á tún jí. Ó dára, ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ dọ́là mílíọ̀nù 2.2 fún ẹnìkan. Ẹ lọ fi náírà ṣírò rẹ̀ nílé, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dákú níbí.

Àwọn bàbá wa ti rí irú èyí nínú kòkó. A kó o jáde ní hóró, ó padà wá nínú bébà aláràbarà, ọmọ àgbẹ̀ ò rówó rà á.

Ẹnìkan lè sọ pé ìwé àdéhùn ni kò sí. Ó tì o. Ẹni-ọ̀wọ̀ Ogunyale, tó mọ àgbo fún fòníkúfọ̀ladìde, bá ilé ìwádìí oògùn NIPRD ní Abuja ṣe àdéhùn ní àwọn ọdún 1990. Ata iyère, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà ló wà nínú rẹ̀, ohun tí ìyálọ́jà tó jókòó níwájú yìí lè kó fún mi kí n tó parí ọ̀rọ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n pè é ní Niprisan. NAFDAC gbà á wọlé ní 2006 ní orúkọ Nicosan, ilé iṣẹ́ Xechem láti Amẹ́ríkà ló ń ṣe é. Ní 2008 Xechem wó sínú gbèsè, oògùn náà sì bá a lọ. Ìwé wà, ilé iṣẹ́ ni kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nítorí náà, mi ò ní sọ fún yín pé ìwé nìkan tó.

Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ rí kò wọ́n rárá. Kí a gún gìgísẹ̀ gbogbo ọmọ tuntun ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, kí a mọ SS kó tó di pé ìyá rẹ̀ ń sáré kiri lóru. Kí ọmọ bẹ́ẹ̀ rí pẹnisílììnì lò, kí ó rí hydroxyurea. Kí láàbù tí kò to ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a kò mọ̀ ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹ̀jẹ̀ wa gba etíkun yìí kọjá, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó gbéra: ibo ló ń gbé e lọ, ta ni yóò lò ó, eélòó ni oògùn tó bá ti inú rẹ̀ jáde yóò jẹ́ fún wa. Ẹ má sọ fún mi pé a ò ní ọpọlọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta 2020, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí COVID wọ Nàìjíríà, àwọn olùwádìí ilé iṣẹ́ ACEGID ní Ẹdẹ wà lára àwọn tó ka àbùdá kòkòrò náà, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé.

Mo dá obìnrin yẹn lóhùn pé a ó bu bílíìṣì sí èyí tó ṣẹ́kù, a ó dà á nù. Ó ní òun fẹ́ rí i. Mo mú un dé ibi ìfọwọ́ lẹ́yìn láàbù. Pupa náà di àwọ̀ ilẹ̀, ó ṣí, ó bá omi lọ. Ó wá na ìwé èsì rẹ̀ sí mi, ó ní kí n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé mo ti dà á nù, kí n fọwọ́ sí i.

Mo fọwọ́ sí i.