Ojú Àlejò Ni Mo Fi Rí Ìbàdàn

Àwọn baba wa a máa wí pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ní tèmi, èmi onílé ni mo lójú tí n kò fi ríran. Àlejò ni ó là mí lójú.

Ọmọ Iléṣà ni mí. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń gbé Ìbàdàn. Níbẹ̀ ni mo ti rí iṣẹ́, níbẹ̀ ni mo kọ́lé sí, níbẹ̀ ni mo sì bí àwọn ọmọ mi sí. Ní ọdún tí ó kọjá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí wọn kò dé Ìbàdàn rí, wá kí wa. Bí wọ́n ti jókòó, wọ́n bi àbíkẹ́yìn mi pé, "Ọmọ mi, níbo ni ìwọ ti wá?" Ọmọ náà dáhùn pé, "Ìbàdàn ni, Ìyá àgbà." Wọ́n wò mí, wọn kò sọ nǹkan kan.

Ní ọjọ́ kejì mo mú wọn káàkiri ìlú. Mo fi Ilé Kòkó hàn wọ́n ní Dùgbẹ̀, ilé alájà 26 tí a fi owó òógùn àwọn àgbẹ̀ wa kọ́, tí a sì parí ní 1965. A dé Òkè Àrẹ̀, ní ìdí ilé ìṣọ́ Bower tí a kọ́ ní 1936. Bí mo ti ń fi àgàdà òrùlé páànù ìlú hàn wọ́n tìgbéraga-tìgbéraga, wọ́n bi mí pé, "Ọ̀nà wo ni a kó àwọn ènìyàn wa gbà wọlé síhìn-ín?"

Ẹ̀yin ará, n kò mọ̀ ọ́n. Ọdún 1870, tí Ìbàdàn ṣẹ́gun Iléṣà, ni wọ́n ń wí. Mo ti ka ìtàn ogun Kírìjí, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí a sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn rẹ̀ ní 1886. Mo mọ̀ pé Ògèdèǹgbé, akọni wa, ní Ìbàdàn gan-an ni ó ti kọ́ ogun jíjà. Ṣùgbọ́n n kò bi aládùúgbò mi kan rí.

Láti ibẹ̀ a lọ sí Ọjà Ọba, nítòsí gbọ̀ngán Mápó tí a ṣí ní 1929. Bí ìyá mi ti ń ná èlùbọ́, ọlọ́jà gbọ́ èdè ẹnu wọn, ó gbé òṣùwọ̀n sílẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ọmọ Ọwá ni yín?" Ó sọ fún wa pé ìyá tí ó bí baba-baba òun, ẹrú ogun ni, láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, baálé sọ ọ́ di aya, àwọn ọmọ rẹ̀ sì kún agbo ilé náà tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kan nínú wọn fi jẹ Mọ́gàjí. Ìyá mi dì í lọ́wọ́ mú. Ọlọ́jà gba owó rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n èènì tí ó bù sí i fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjà tí a rà.

A máa ń wí pé ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ń san án. Gbèsè méjì ni mo jẹ. Mo jẹ Iléṣà, nítorí n kò sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ mi. Mo jẹ Ìbàdàn pẹ̀lú, nítorí mo gbé inú rẹ̀ láìbèèrè ẹni tí ó ń gbé ẹ̀gbẹ́ mi. Bí a bá fi irú ìtàn yìí pamọ́ nítorí kí ìjà má bàa tún ṣẹ́, ìbátan wa ni a ń gbàgbé.

Nítorí náà mo bẹ̀ yín, ẹni kọ̀ọ̀kan tí ń gbé ìlú onílùú, ẹ ránṣẹ́ pe àgbà kan láti ilé, ẹ jẹ́ kí ó bá àgbà ìlú tí ẹ ń gbé sọ̀rọ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí àwọn méjèèjì bá wí sílẹ̀.

Kí ìyá mi tó lọ, wọ́n tún bi ọmọ náà léèrè. Ó ní, "Iléṣà ni baba mi ti wá, Ìbàdàn ni a bí mi sí." Wọ́n rẹ́rìn-ín.