Wọ́n Dán Agbẹ̀bí Wa Wò

  Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ rédíò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé, ẹ rọra kà á. Kò le.

Ìyá kan ló fa ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, a ti kàwé tán ní kíláàsì alẹ́ wa, mo ń nu pátákó. Ìyá yìí dúró tì mí. Ó ní: "Olùkọ́, ṣé ẹ ti gbọ́? Wọ́n ṣe ìdánwò fún agbẹ̀bí wa ní ilé ìwòsàn, ó sì fìdí rẹmi. Ọmọbìnrin mi lóyún oṣù 8 sínú. Kò ní lọ bímọ síbẹ̀ mọ́. Ilé ni yóò bí i sí."

Àyà mi já. Kì í ṣe nítorí ìdánwò náà, bí kò ṣe nítorí ilé tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bímọ sí. Mo bi í pé: "Ìdánwò kí ni?" Kò mọ̀. Ohun tó gbọ́ lọ́jà ló ń sọ. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan kí n lọ wádìí.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn náà. Wọ́n ní àwọn tó ń ṣe ìdánwò yóò tún padà wá ní Ọjọ́rú, nítorí pé gbogbo òṣìṣẹ́ kò tíì ṣe é tán. Mo bẹ̀ wọ́n. Agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ ló ní: "Ẹ jẹ́ kó jókòó. Ohun tí wọ́n ti gbé lọ sọ́jà, kí ló tún kù tí a fẹ́ fi pamọ́?" Ni mo bá jókòó sí igun kan.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera 6 ló wà níbẹ̀. Ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ fún wọn, ìbéèrè 20. Wọ́n béèrè ohun tí ó yẹ kí ènìyàn ṣe bí ẹnì kan bá ṣubú lulẹ̀ tí kò mí mọ́. Agbẹ̀bí wa gba 17 nínú 20. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: 17 nínú 20.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀, wọ́n gbé ọmọlangidi kan lé e. Ọmọlangidi yìí kì í ṣe ti ọmọdé. Orí àti àyà rẹ̀ tóbi bí ti ènìyàn, ṣùgbọ́n kò ní ẹsẹ̀. Irin kan wà nínú àyà rẹ̀. Bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ dáadáa, á dún "kọ́". Bí kò bá wọlẹ̀ tó, kò ní dún.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá dán wọn wò sọ fún agbẹ̀bí wa pé: "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ọkùnrin yìí ṣubú lọ́jà. Kò dáhùn. Kí lẹ ó ṣe?"

Agbẹ̀bí wa kúnlẹ̀. Ó pe ọmọlangidi náà, ó gbọn èjìká rẹ̀. Ó tẹ etí sí imú rẹ̀. Ó ké pé kí ẹnì kan sá wá ràn án lọ́wọ́. Títí dé ibẹ̀, ó dára. Ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì lé àárín àyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ dé 15, ó dúró, ó ń fi ìka wá iṣan ní ọrùn. Ó wá a, ó pẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń wo aago.

Ó ní: "Màmá, sẹ̀ǹtímítà mélòó lẹ kọ sínú ìwé pé kí àyà wọlẹ̀?"

Ó dáhùn pé: "Sẹ̀ǹtímítà 5."

Òótọ́ ni, ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Orí rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ ló ti gbàgbé. Òógùn bò ó. Mo gbójú kúrò lára rẹ̀, nítorí pé òun ló gbẹ̀bí ọmọ mi kejì.

Ẹ ó bi mí pé, kí ló dé tí wọ́n ń tẹ àyà ènìyàn? Ẹ̀yin obìnrin, ẹ mọ pọ́ǹpù omi abúlé. Bí ẹ bá ń tẹ ọwọ́ rẹ̀, omi ń wá. Bí ẹ bá dúró láti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, omi á padà sísàlẹ̀. Ẹ ó tún tẹ̀ ẹ́ léraléra kí omi tó yọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn wa rí. Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbé afẹ́fẹ́ lọ síbẹ̀. Bí ọkàn bá dúró, láàárín bí ìṣẹ́jú 4 sí 5, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ọwọ́ ẹni tó ń tẹ àyà ló di ọkàn fún ẹni tó ṣubú. Ìdí nìyẹn tí kò fi gbọdọ̀ dúró pẹ́. Fún àgbàlagbà, àyà gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, kó má sì kọjá 6. Ìyẹn tó ìbú ìka 3. Ká tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ká jẹ́ kó gbéra padà kí á tó tún tẹ̀ ẹ́. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 30, ká fẹ́ èémí sí i lẹ́nu ní ìgbà 2.

Nǹkan kan tún wà tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Bí ẹni tó ṣubú bá ń fa èémí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹja tí a jù sórí ilẹ̀, ìyẹn kì í ṣe mímí. Kí á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ayé mọ iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1960 ni àwọn ọkùnrin 3 ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ jáde pé ọwọ́ lásán lè mú kí ẹ̀jẹ̀ rìn láìla àyà. Orúkọ wọn ni Kouwenhoven, Jude àti Knickerbocker. Ọdún kan náà ni Asmund Lærdal, ará Nọ́wè, ṣe ọmọlangidi àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ohun ìṣeré ọmọdé ni ọkùnrin yìí ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sínú omi rí.

Kí ló wá dé tí agbẹ̀bí tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 22 fi gbàgbé? Ẹ jẹ́ ká wo ara wa. Ọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa, ó gba ìwé ẹ̀rí. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ níwájú gbogbo ìlú, a pàtẹ́wọ́. Ó lọ sí oko òwú fún ọdún kan, kò fọwọ́ kan ìwé. Nígbà tó padà dé, "gb" àti "p" ti dàrú mọ́ ọn lójú. Ṣé òmùgọ̀ ni? Rárá. Agbẹ̀bí wa ń gún abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, abẹ́rẹ́ kò lè ṣì í lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró, ó lè má rí i lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àwọn tó wádìí rẹ̀ rí i pé láti bí oṣù 3 sí 6 lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ọwọ́ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé. Kì í ṣe ti abúlé nìkan. Dókítà ìlú ńlá náà ń gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Tanzania. Ilé ìwòsàn kan wà níbẹ̀, ní Haydom. Ní ọdún 2010, wọ́n kọ́ àwọn agbẹ̀bí ibẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, bí a ti ń ran ọmọ tuntun tí kò ké lọ́wọ́ láti mí. Kí wọ́n nu ọmọ gbẹ, kí wọ́n fọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀. Bí kò bá mí, kí wọ́n fi àpò fífẹ́ èémí fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kí ìṣẹ́jú 1 tó pé. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà, wọ́n dán wọn wò pẹ̀lú ọmọlangidi. Wọ́n ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wò wọ́n lẹ́nu iṣẹ́, níbi tí obìnrin ti ń bímọ gan-an, nǹkan kò yí padà. Ọjọ́ kan kò tó.

Ní ọdún 2011 wọ́n yí ọ̀nà padà. Wọ́n fi ọmọlangidi sí yàrá ìgbẹ̀bí, àwọn agbẹ̀bí sì ń fi í dán ọwọ́ wò fún ìgbà díẹ̀díẹ̀, léraléra, láàárín iṣẹ́. Ṣáájú ìgbà náà, nínú ọmọ 1000 tí wọ́n bí, bí 11 ló ń kú kí wákàtí 24 tó pé. Lẹ́yìn rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sí bí 7. Agbẹ̀bí kan náà, ilé ìwòsàn kan náà.

Mo padà lọ bá ìyá yẹn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo wá bi í pé: "Ìyá, bí ọmọ bá bọ́ sílẹ̀ nílé yín tí kò ké, kí lẹ ó ṣe?" Ó ní àwọn á dì í lẹ́sẹ̀ mú sókè, wọn á gbá a ní ìdí, wọn á wọ́n omi tútù sí i. Mo ní: "Omi tútù á mú òtútù pa á. Àpò fífẹ́ èémí ńkọ́? Ta ló ní in nílé yín?" Kò dáhùn.

Èmi kò sọ pé kí á máa wo òṣìṣẹ́ ìlera lójú lásán. Rárá o. Ẹ jẹ́ kí ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìgbà wo lẹ fọwọ́ kan ọmọlangidi gbẹ̀yìn? Àpò fífẹ́ èémí dà? Ṣé kò ya? Ṣé ibi tí ọwọ́ lè tètè tó o ló wà, àbí inú kọ́bọ́ọ̀dù tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó lọ sọ́jà? Mo ti rí irú èyí rí, ni mo ṣe sọ ọ́.

Ní tiwa, wọ́n ti fi ọmọlangidi kan sílẹ̀. Ilé ìwòsàn 4 ló ń pín in lò, ìyẹn kò dára tó. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tó bá wà lọ́dọ̀ wa, agbẹ̀bí wa ń tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ kí àwọn aláboyún tó dé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n tún dán an wò. "Kọ́, kọ́, kọ́," bẹ́ẹ̀ ló ń dún. Nọ́ọ̀sì kékeré tó wà pẹ̀lú rẹ̀ kò tíì yege. Yóò tún ṣe é.

Ìyá náà kò tíì sọ fún mi pé òun gbà. Ó ní òun yóò mú ọmọbìnrin òun lọ síbẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, kí òun fi etí ara òun gbọ́ bó ṣe ń dún. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀. Èmi náà yóò wà níbẹ̀.