Kí Fáànù Kékeré Má Baà Di Iná Ńlá

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka

 

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ jẹ mọ́ fáànù kékeré kan tí ó wà nínú ilé ẹ́ńjìnì Porsche 911 àtijọ́, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní SC, ti 1978 sí 1983, àti Carrera 3.2 tí ó tẹ̀lé e títí di 1989. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń wọ gáràjì ní London níhìn-ín, nítorí àwọn olówó fẹ́ràn láti máa tọ́jú wọn. Fáànù náà kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó wa, orúkọ wa àti ẹ̀mí ènìyàn ń bẹ nídìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya fáànù méjì sọ́tọ̀. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ yìí wà lẹ́yìn, kò sì lo omi. Afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú. Bẹ́líìtì ni ó ń yí fáànù ńlá tí ń fẹ́ ẹ, bẹ́líìtì yìí kan náà ni ó sì ń yí alternator. Nítorí náà, bí iná pupa bátìrì bá tàn lójú ọ̀nà, kí awakọ̀ má ṣe rò pé bátìrì nìkan ló ń kú lọ. Bẹ́líìtì lè ti já. Kí ó dúró lójú ẹsẹ̀, kí ó pa ẹ́ńjìnì.

Fáànù kékeré yàtọ̀. Iná bátìrì ni ó ń yí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ti afẹ́fẹ́ gba ara páìpù èéfín tó gbóná kọjá, kí ooru lè wọ inú ọkọ̀, kí ìkùukùu sì kúrò lójú gíláàsì iwájú. Ní àárọ̀ òtútù, awakọ̀ tí gíláàsì rẹ̀ ṣú kò ní rí ọmọ tí ń sọdá títì.

Bí fáànù yìí kò bá wá ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa a sáré tú u sílẹ̀, a ní kí wọ́n ra tuntun wá. Àwọn àgbà sì sọ pé ẹni tí ó bá fi ẹ̀sọ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tò ó ní ẹsẹẹsẹ.

Èkíní, bátìrì. Iwájú ọkọ̀ ni ó wà, fáànù sì wà lẹ́yìn pátápátá. Ọ̀nà iná jìn. Kí ẹ wọn bátìrì ná. Èyí tí ó kún, tí ẹ́ńjìnì kò ṣiṣẹ́, yóò tó fóòtì 12.6. Bí ó bá rẹ̀ sílẹ̀ gan-an, ẹ kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ kí ẹ tó bú fáànù.

Èkejì, fíúùsì. Ẹ má fi ojú lásán wò ó. Fíúùsì àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí rí bí ọta ìbọn kékeré. Ṣóńṣó rẹ̀ méjèèjì nìkan ni ó ń kan irin. Ó lè wà lódindi, kí ìpẹtà ti bo ṣóńṣó náà. Ẹ fi gílóòbù àyẹ̀wò kan irin tí ó dì í mú, níhà méjèèjì. Bí iná bá dé ìhà kan tí kò dé ìkejì, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ nu irin náà mọ́, kí ẹ fi fíúùsì tuntun tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti ìwé ọkọ̀ mu sí i.

Ẹ̀kẹta, rilé. Nọ́ńbà àwọn ará Jámánì kò ṣòro: 30 ni iná ń gbà wọlé láti bátìrì, 87 ni ó ń gbà jáde lọ sí ohun tí a fẹ́ yí, 85 àti 86 sì ni àṣẹ ń bá wọlé. Bí rilé bá dún “kọ̀,” àṣẹ ti dé nìyẹn. Kò tíì fi hàn pé iná kọjá. Ẹ wọn 87.

Ẹ̀kẹrin, wáyà tí ó dé ìdí fáànù. Ẹ má yọ ọ́ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Wáyà tí ó bàjẹ́ lè fi fóòtì 12 hàn nígbà tí kò gbé ẹrù, kí ó wá já sí 7 nígbà tí fáànù bá fẹ́ yí. Ẹ wo wáyà áàtì pẹ̀lú: ẹ fi mítà sáàárín áàtì fáànù àti orí òdì bátìrì nígbà tí iná ń lọ. Bí ó bá ju ìdajì fóòtì lọ, ìdọ̀tí wà lójú ọ̀nà.

Ẹ̀karùn-ún ni fáànù fúnra rẹ̀. Ẹ yọ orí òdì bátìrì kí ẹ tó fi ọwọ́ yí i. Bí ó bá le, béárìnì ti gbẹ. Bí ó bá yí wọ́ọ́rọ́wọ́ tí iná sì ń dé ibẹ̀, ẹ wo bọ́rọ́ọ̀ṣì kábọ́nù inú rẹ̀. Lórí 964 tí ó rọ́pò Carrera 3.2, fáànù yìí lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ kọ́kọ́rọ́, bí ẹ́ńjìnì bá gbóná. Ẹ ṣọ́ ìka yín.

Kí fáànù tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ yẹ páìpù èéfín wò. Bí ó bá ti lu nínú ìbora rẹ̀, fáànù tí ẹ tún ṣe ni yóò fẹ́ májèlé sí ẹni tó jókòó nínú ọkọ̀.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ dáírẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọ̀gá kan wà tí wọn a ní, “Fi wáyà so fíúùsì yẹn, oníbàárà ń dúró.” Ẹ gbọ́ ìṣirò yìí. Bí ìsopọ̀ kan bá dí iná lọ́nà ní óòmù 0.2 péré, tí áńpù 15 ń gba ibẹ̀ kọjá, fóòtì 3 ni yóò sọnù, wáàtì 45 ni yóò sì di ooru lójú kan. Ìyẹn tó ohun tí a fi ń jó òjé. Fáànù tí ó há a sì máa fa iná ju bí ó ti yẹ lọ dáadáa. Bí fíúùsì kò bá sí láti já, wáyà ni yóò jó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ni rọ́bà epo tí ó ti lé ní 35 ọdún wà.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, láti oṣù karùn-ún 2018, ọkọ̀ tí ó bá ti ju 40 ọdún lọ tí wọn kò yí padà púpọ̀ kò fi dandan lọ fún àyẹ̀wò MOT ọdọọdún mọ́. Ojú tiwa lè jẹ́ ojú ìkẹyìn tí yóò wò ó.

Òfin Ìlera àti Ààbò Lẹ́nu Iṣẹ́ ti 1974 fi ààbò òṣìṣẹ́ sí ọrùn agbanisíṣẹ́. Abala 7 rẹ̀ sì ní kí àwa náà ṣọ́ra fún ara wa àti fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, “ọ̀gá ló rán mi” kò tó. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé iṣẹ́, ẹ má fọwọ́ sí dáírẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì pe aṣojú ẹgbẹ́.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ̀ka yìí bèèrè: mítà tó péye fún tábìlì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ohun èlò ìpaná nítòsí, àti owó fún wákàtí tí a fi ń wá àrùn ọkọ̀. Níbi tí ó bá jẹ́ pé pípààrọ̀ ẹ̀yà nìkan ni wọ́n ń sanwó fún, kò sí ẹni tí yóò fara balẹ̀ wádìí. Oníbàárà yóò san owó fáànù tuntun, ìpẹtà yóò ṣì wà lórí fíúùsì, òṣìṣẹ́ ni wọn yóò sì dá lẹ́bi.

Ìwádìí pẹ̀lú, iṣẹ́ ni. Ẹnì kan kò lè dá bèèrè rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.