Ohun Tí Ó Wà Nínú Agbọ̀n Ọjà Wa

(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àlejò sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá)



Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lónìí, ọ̀pọ̀ yín rò pé ọ̀rọ̀ owó ni n ó sọ, nítorí pé báńkì ni mo ti ń jẹun. Owó á dúró dè wá. Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò ná owó náà ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tí ó ń jẹ.

Ẹ rántí pé ní ìmúrasílẹ̀ fún ayẹyẹ yìí, a ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ará ìlú. Èmi ni mo kọ ìkéde rẹ̀, èmi ni mo gbé e lọ sórí rédíò. Nígbà tí èrò dín kù ní ìrọ̀lẹ́, nọ́ọ̀sì kan pè mí: “Alukoro, ẹ̀yin náà ẹ jókòó.” Mo jókòó pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ̀rọ náà kọ 158 lórí 98. Ó ní kí n sinmi díẹ̀, ó tún un wọ̀n, kò yí padà. Orí kò fọ́ mi, òòyì kò kọ́ mi.

Dókítà tí mo lọ rí bi mí pé kí ni mò ń jẹ. Mo ní n kì í jẹun púpọ̀, òṣìṣẹ́ báńkì kò ráyè oúnjẹ. Ó ní kí n kọ gbogbo ohun tí ó bá gba ẹnu mi kọjá sílẹ̀ fún ọjọ́ méje. Ẹ̀yin ará, ojú tì mí nígbà tí mo ka ìwé náà. Aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀ ni mo ń kúrò nílé. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan àti búrẹ́dì oníran. Ní aago mọ́kànlá, bísíkíìtì inú dúrọ́ọ̀. Ní alẹ́, núdùùsì, pẹ̀lú èròjà inú ọ̀rá rẹ̀ àti màgí méjì lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ méje, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbé ìkòkò ọbẹ̀ kaná. Èmi tí mo mọ ìwé àkáǹtì kà, mo rí i pé mò ń gba owó jáde lójoojúmọ́, n kò sì fi nǹkan kan pamọ́.

Èyí tí ó dùn mí jù kò sí nínú ìwé náà. Ìyá mi se ìkọ́kọrẹ́ dè wá ní ọjọ́ Ìléyá. Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, bu ṣíbí kan, ó ti àwo sẹ́yìn, ó bi ìyá-ìyá rẹ̀ bóyá núdùùsì wà nílé. Màmá kò bínú. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní: “Ọmọ yìí kò mọ̀ ọ́n jẹ. Ta ni kò fi mọ̀ ọ́n?”

Ẹ má jẹ́ kí a rò pé ọ̀kánjúwà nìkan ni ó ń jẹ́ kí oúnjẹ inú ọ̀rá máa yán wa lójú. Wọ́n ṣe é kí ó lè rí bẹ́ẹ̀ ni. Nínú oúnjẹ tí Ọlọ́run dá, ìrèké dùn ṣùgbọ́n kò ní òróró; ẹ̀pà ní òróró ṣùgbọ́n kò ní ṣúgà tó bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ló ń pa ṣúgà, òróró àti iyọ̀ pọ̀ sójú kan, tí wọ́n á máa tọ́ ọ wò títí ahọ́n yóò fi sọ pé “ẹyọ kan sí i”. Wọ́n tún jẹ́ kí ó rọ̀, kí a má baà jẹ ẹ́ lẹ́nu pẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí ikùn tó ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé òun ti yó. Kí iṣẹ́ náà tó dé, ọ̀rá ti ṣófo. Nítorí pé wọ́n ti bọ́ èèpo àlìkámà dànù, kò ní pẹ́ kí ebi tún dé.

Ọpọlọ pẹ̀lú kì í gbàgbé adùn. Ibi tí a ti jẹ ẹ́ àti àsìkò tí a jẹ ẹ́ ni yóò ti béèrè rẹ̀ lọ́la. Ìdí nìyẹn tí ọ̀fun mi fi ń béèrè ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní ibùdókọ̀ kan náà láràárọ̀. Kì í ṣe ebi, àṣà ni.

Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Ènìyàn 20 ni wọ́n gbà sílé. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, oúnjẹ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n fún wọn; fún ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn, oúnjẹ tí a sè láti inú ohun tútù. Wọ́n ṣe é kí ṣúgà, iyọ̀ àti ọ̀rá inú oúnjẹ méjèèjì dọ́gba, wọ́n ní kí kálukú jẹ ìwọ̀n tí ó bá wù ú. Lórí oúnjẹ ilé-iṣẹ́, wọ́n jẹ nǹkan bí 500 kálórì sí i lójúmọ́, wọ́n sì fi nǹkan bí kílò kan sanra. Lórí ìkejì, wọ́n jọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni ṣíṣe? Ní báńkì, a máa ń sọ fún oníbàárà pé kí ó kàwé kí ó tó fọwọ́ sí i. N kò ka ẹ̀yìn ọ̀rá bísíkíìtì rí! Ẹ jẹ́ kí a máa kà á báyìí:

1. Ohun tí wọ́n bá kọ ṣáájú nínú àkójọ èròjà ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ṣúgà bá wà ní ipò kejì, ṣúgà ni ẹ rà. Ẹ wo ẹ̀yìn màgí yín. Iyọ̀ ni ó sábà máa ń ṣíwájú.

2. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára ìgò pé ṣúgà gíráàmù 10 wà nínú 100 mìlílítà, ìgò 50 sẹ̀ǹtílítà jẹ́ gíráàmù 50. Ó tó horo ṣúgà méjìlá. Iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá fún odidi ọjọ́ nìyẹn.

3. Bí ẹ bá rí “sodium”, ẹ fi 2.5 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó mọ iye iyọ̀. Gíráàmù 5 iyọ̀, bíi ṣíbí tíì kan, ni òpin fún ọjọ́ kan.

4. Nọ́ńbà NAFDAC ń sọ pé wọ́n forúkọ ọjà náà sílẹ̀. Kò sọ pé kí a máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́.

5. Ẹ má fi ebi lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ rà sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ya Òkè-Ajé, kí owó tó dé ìdí bísíkíìtì kí ó ti dín kù.

Kì í ṣe gbogbo ohun inú agolo ni ó burú. Sàdíìnì àti wàrà tí kò ní ṣúgà wúlò fún ẹni tí kò ráyè. Kì í sì í ṣe gbogbo tiwa ni ó dára. Òkè ẹ̀bà pẹ̀lú ọbẹ̀ oníyọ̀ á ṣe ìpalára. Ṣùgbọ́n irú, edé àti àlùbọ́sà ń ṣe iṣẹ́ tí a ń bẹ màgí sí. Ẹ̀pà sísè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbàdo wọ dúrọ́ọ̀ báńkì dáadáa, mo ti dán an wò.

N kò fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni mo kọ́kọ́ yọ, oṣù kejì ni mo tó yọ bísíkíìtì. Mo ṣì ń lo oògùn dókítà, oúnjẹ kò rọ́pò rẹ̀. Ìwọ̀n mi tí wọ́n wọ̀n kẹ́yìn jẹ́ 132 lórí 84. Ọmọ mi ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ báyìí, bí ẹja bá pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni núdùùsì, pẹ̀lú ẹyin àti ẹ̀fọ́, ìdajì èròjà inú ọ̀rá rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Fún ọdún mẹ́wàá ni a ti ń pín ẹ̀bùn òpin ọdún fún ara wa àti fún àwọn opó: páálí núdùùsì, màgí, ṣúgà, ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Èmi ni mo ń ya fọ́tò rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ní ìpàdé tí ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí a yí i padà sí ẹ̀wà, ìrẹsì ọ̀fadà, ẹja gbígbẹ, irú àti ẹ̀pà. Arábìnrin wa tí ó máa ń ṣíwájú ijó wa ní Ojúde Ọba jókòó nídìí tábìlì kejì lónìí, àrùn rọpárọsẹ̀ kò jẹ́ kí ó dìde. Òun ni ó ní kí n sọ ọ́. Ó ní: “Sọ fún wọn kí wọ́n má baà wá bá mi jókòó.”

Mo mọ̀ pé ìgò wà níwájú yín báyìí. N kò ní gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ kàn yí i, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa kò ní dín kù. Ẹsẹ̀ tí a fi ń jó kò ní rọ.