Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ikùn: Ẹ Tètè Rìn, Ẹ Má Tètè Gbé Ẹrù

(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Festac Town)

 

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti owó oṣù, ṣùgbọ́n ó kan owó oṣù. Ó jẹ mọ́ iṣẹ́ abẹ tí àwọn dókítà ń ṣe fún ẹni tó sanra jù, kí ara rẹ̀ lè fúyẹ́. Kì í ṣe ìlú òyìnbó nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n ń ṣe é ní Èkó níbí. Àwa tí à ń jókòó sídìí ọkọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, tí à ń jẹun lójú títì, ẹ má jẹ́ ká sọ pé kò kàn wá. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé: bí wọ́n bá ṣe é tán, báwo ni eré ìdárayá ṣe gbọdọ̀ pọ̀ tó? Èmi kì í ṣe dókítà, ohun tí dókítà yín bá sọ ni àṣẹ. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Nínú irú èyí tí wọ́n ń ṣe jù, wọ́n máa ń gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpò oúnjẹ kúrò. Ihò kéékèèké ni wọ́n sábà ń gbà wọlé, nítorí náà ojú ọgbẹ́ máa ń tètè jiná. Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà. Ti ìta ti jiná, ti inú ṣì ń san lọ́wọ́.

Èkíní, ẹ tètè rìn. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an tàbí lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì yóò ní kí ẹ dìde. Kì í ṣe ìkà. Bí ẹsẹ̀ bá wà lójú kan, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú rẹ̀. Bí èyí tó dì bá gbéra lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa èèyàn. Nílé, ẹ rin ìṣẹ́jú 5 tàbí 10, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un títí yóò fi di ìṣẹ́jú 30. Ẹ rìn ní kùtùkùtù láàárín àwọn ilé tí wọ́n kọ́ sí Festac fún àjọ̀dún ọdún 1977, kì í ṣe lẹ́bàá ọ̀nà Badagry níbi tí tírélà ń gbà. Bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ìrìn náà tó. Bí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀, ó ti pọ̀ jù.

Èkejì, ẹ má tètè gbé ẹrù. Ọ̀pọ̀ dókítà ní kí èèyàn dúró fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Àpò píọ́wọ́tà kan, kílò 10 ni. Ó ti wúwo jù. Ká má tíì sọ ti kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tàbí àpò sìmẹ́ńtì kílò 50. Bí ẹ bá kánjú, ìfun lè ti ojú ibi tí wọ́n gé yọ. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má wakọ̀ níwọ̀n ìgbà tí oògùn ìrora bá ń kùn yín lóorun, tàbí tí ẹ kò bá tíì lè tẹ bíréèkì gbọin láìsí ìrora.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣíwọ́. Bí ara bá ń yára fọn, ẹran ara tó ń fún wa lágbára ń bá ọ̀rá lọ. Bí dókítà bá ti gbà, ẹ máa jókòó kí ẹ sì máa dìde lórí àga, ẹ máa fọwọ́ ti ògiri, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Ìṣẹ́jú 30 fún ọjọ́ 5 ni 150 yẹn. Òógùn inú ọkọ̀ kì í ṣe eré ìdárayá o! Ẹ máa fi ẹnu kan omi díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀, ẹ má gbé e mu lẹ́ẹ̀kan.

Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó sì ń dùn yín, bí èémí kò bá délẹ̀, bí ibà bá dé tàbí tí inú ń ro yín gan-an, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, kì í ṣe ilé elégbòogi.

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ kan ẹgbẹ́. Òfin Iṣẹ́ orílẹ̀-èdè yìí, abala 16, ní kí wọ́n san owó òṣìṣẹ́ tó ń ṣàìsàn, tí dókítà sì jẹ́rìí sí i, fún ọjọ́ iṣẹ́ tí kò ju 12 lọ lọ́dún. Ọjọ́ 12 kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 lọ. Ara ń béèrè ọ̀sẹ̀ 6. Nínú àlàfo yẹn ni ebi ti ń lé èèyàn padà sídìí páálí. Nítorí náà, nígbà tí a bá tún jókòó pẹ̀lú àwọn agbanisíṣẹ́, ẹ jẹ́ ká béèrè pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn: ìsinmi tí yóò tó, àti iṣẹ́ tí kò wúwo fún ẹni tó mú ìwé dókítà wá. Àwa awakọ̀ tí a kò ní owó oṣù, ẹ jẹ́ ká dá owó àjẹṣẹ́kù tí yóò gbọ́ bùkátà irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ìṣọ̀kan wa má tú.