Dídí Ojú Ọ̀nà Òtútù Nínú Ilé ní Johannesburg

Ọ̀rọ̀ owó-oṣù kọ́ ni mo bá wá lónìí. Ọ̀rọ̀ oorun tí a ń sùn kí a tó padà sẹ́nu iṣẹ́ ni.

Johannesburg ga ju ojú òkun lọ tó bí 1,750 mítà. Láti oṣù Kẹfà títí dé oṣù Kẹjọ, oòrùn a máa ràn lọ́sàn-án bí ẹni pé kò sí nǹkan, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, òtútù a wọ egungun. Ẹni tó bá fi ọyẹ́ ilé wa wé e yóò kábàámọ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2023, ìrì dídì bọ́ ní ìlú náà.

Púpọ̀ nínú àwọn ilé kékeré tí ìjọba kọ́ fún tálákà lẹ́yìn ọdún 1994 ni kò ní àjà. Páànù nìkan ló wà lókè orí. Ooru a máa lọ sókè, a sì gba ibẹ̀ jáde. Nítorí náà, bí owó yín bá ká ohun kan ṣoṣo, àjà ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Bí kò bá sí owó, ẹ fi omi ra ẹ̀yìn ọwọ́, kí ẹ gbé e yí etí fèrèsé àti ìdí ilẹ̀kùn ká lálẹ́. Ibi tó bá tutù lójijì ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò àtijọ́ tí a rọ yanrìn sí, tí a sì rán ẹnu rẹ̀ méjèèjì, tó láti dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ó mọ níbẹ̀.

Ibi tí ẹ̀mí wà nìyí: agolo oníhò tí a ń dáná èédú sí, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní imbawula. Àwọn kan a dá a lóde títí èéfín rẹ̀ yóò fi tán, wọn a wá gbé e wọlé, wọ́n rò pé ewu ti lọ. Ewu kò lọ rárá. Èédú tó pọ́n tí kò rú èéfín ṣì ń tú gáàsì carbon monoxide jáde. Kò lóòórùn, kò láwọ̀, a sì máa gba ipò atẹ́gùn rere nínú ẹ̀jẹ̀. Bí a bá ti dí ilé pa, àwa fúnra wa la há a mọ́ ara wa. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀. Ẹni tó ti sùn lè má mọ̀. Ẹ gbé ẹni bẹ́ẹ̀ síta kíákíá, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ má gbé imbawula wọlé. Ihò tí bíríkìlà dá sí òkè ògiri, ẹ má dí i, pàápàá níbi tí ẹ ti ń lo sítóòfù kẹrosíìnì tàbí ti gáàsì.

Ẹ̀yin tó ń gbé ilé tí iléeṣẹ́ pèsè, ẹ mú ọ̀rọ̀ àjà wá sí ìpàdé ẹ̀ka yín kí oṣù Karùn-ún tó parí, kí akọ̀wé kọ ọ́ mọ́ ohun tí ẹgbẹ́ yóò bá agbanisíṣẹ́ jíròrò.